Ìdajì Mẹ́ta

Ìwé kan ṣoṣo ló wọ ilé náà ní Ọjọ́bọ̀ kan, ojú kan péré ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ̀wé kà yóò kà á tán kí omi orí iná tó hó. Ẹni mẹ́ta ló ń gbé ilé náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀wé kà, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Kò sí èyí tó ka ìwé náà tán.

Baálé ilé náà ń tún aago ṣe. Bàbá Aago ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Yàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: tábìlì kan lábẹ́ fèrèsé lápá òsì, iná kan tí ọrùn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ síbi tó bá wuni, ẹ̀mú kéékèèké mẹ́fà tí ó tò bí ọmọ ogun, àti awò ojú kan tó máa ń há sójú ọ̀tún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Apá ọ̀tún yàrá náà jẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìṣó gígùn kan lára ògiri tó ń so pátánì kọ́, ìyẹn bébà tí ó ti gé bí ìrísí apá, àyà tàbí kọ́là, tó máa ń tẹ́ lé aṣọ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Aránṣọ kì í ra bébà. Bébà tó bá ti le díẹ̀, tó sì ti wọlé, ó ti di pátánì nìyẹn: kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, páálí bàtà, ìwé ìpè sí ìpàdé. Ó ní ẹni tó ń ra bébà nígbà tí bébà ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé wá bá a, orí onítọ̀hún kò pé.

Ẹnì kẹta ni ẹ̀gbọ́n Bàbá Aago, obìnrin tó ṣe olùkọ́ títí tó fi di alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì ṣíwọ́ àbẹ̀wò. Yàrá ẹ̀yìn ni òun àti fóònù rẹ̀ ń gbé. Lójú rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti kẹ̀yìn, ó di Alábẹ̀wò.

Bàbá Aago ní àtọ̀gbẹ. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń gbé hóró oògùn funfun kan mì láàárọ̀, òmíràn nírọ̀lẹ́. Dókítà ojú ti sọ ọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé ojú ni ṣúgà yóò kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àmì kékeré kan ti wà lẹ́yìn ẹyinjú ọ̀tún. Bí oògùn kò bá yẹ̀, àmì náà yóò dúró síbi tó wà. Bí oògùn bá yẹ̀, kó yáa wá iṣẹ́ tí kò gba ojú. Bàbá Aago ronú títí nípa iṣẹ́ tí kò gba ojú, kò rí ọ̀kan tí òun mọ̀ ọ́n ṣe. Oògùn kì í sì í yẹ̀ nílé náà. Aránṣọ ló ń gbé ti àárọ̀ wá bá a nínú àwo pẹrẹsẹ kan, Alábẹ̀wò ló ń gbé ti ìrọ̀lẹ́, bí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ìwé Ọjọ́bọ̀ yìí wá láti ilé oògùn tí wọ́n ti ń ra hóró funfun náà. Aránṣọ ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ka ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ lórí ìdúró: pé àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn ti rí ohun kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ nínú àwọn páálí kan lára oògùn àtọ̀gbẹ, pé bí ohun náà bá ń wọ ara ènìyàn fún ọdún púpọ̀, ó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ibi tó kà á dé nìyẹn tí oníbàárà kan fi wọlé, tó ní aṣọ ilé ìwé ọmọ òun kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la, kọ́là rẹ̀ sì gbọdọ̀ rí róbótó. Pátánì kọ́là róbótó ti gbó. Aránṣọ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bébà náà le dáadáa, ilé oògùn náà kì í ṣahun. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ló ń wà lókè, òun sì ti ka òkè. Ìsàlẹ̀ ìwé ọ́fíìsì, kí ló ń wà níbẹ̀ bí kò ṣe ìkíni àti ìbuwọ́lùwé? Ó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́ láàárín, ó gé e gbọọrọ láìwọ́. Ó fi ìdajì òkè pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ìdajì ìsàlẹ̀ gé kọ́là.

Kọ́là náà jókòó sọ́rùn ọmọ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ọwọ́ aránṣọ ò lẹ́gbẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó mú ìdajì òkè lọ bá Alábẹ̀wò. Alábẹ̀wò wọ awò rẹ̀, ó kà á sókè bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò. Obìnrin yìí ti dá ìwé olùkọ́ padà rí nítorí pé kò fi déètì sí i, ṣùgbọ́n kò bèèrè ìdí tí ìwé yìí kò fi ní ìbuwọ́lùwé. Ó ní ohun tí òun ti ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó wí i. Ó gbé fóònù jáde, ó jẹ́ kí aránṣọ gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ orí fóònù, tí kò dárúkọ ara rẹ̀, tó ní gbogbo oògùn ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń gbé inú rẹ̀, pé àwọn dókítà mọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn lójú rẹ́rìn-ín ni. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Wọ́n gbọ́ ọ tán pátápátá, lẹ́ẹ̀mejì.

Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn kò ní sọ fún Bàbá Aago, kí ọkàn rẹ̀ má baà dàrú. Kó máa lo oògùn rẹ̀ bó ṣe ń lò ó títí di ọjọ́ tí dókítà dá fún un, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí i, kí wọ́n bèèrè nígbà náà. Kò sí èyí tó rò ó láti tẹ ilé oògùn láago. Nọ́ńbà tí wọn ì bá tẹ̀ ń bẹ lórí ìṣó, ó ń ṣe kọ́là.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdè kékeré kan, irú èyí tó ń di ara aago mú, já bọ́ lára aago tí Bàbá Aago ń tún ṣe, ó yí lọ sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó wólẹ̀ wá a lọ, ó bá ìdajì ìwé níbẹ̀. Ó kà á, ó dá a padà bó ṣe bá a, ó sì padà sórí àga rẹ̀. Òun náà pinnu pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí aránṣọ bá mọ̀ pé òun ti kà á, kò ní sùn. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá mọ̀, ẹlòmíràn kò ní sùn.

Báyìí ni ẹni mẹ́ta ṣe ń fi àṣírí kan náà pamọ́ fún ara wọn nínú ilé kan. Ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ kúkú dára, kò kàn mọ ìṣirò ni.

Aránṣọ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ló ń rò ó pé bí hóró méjì bá ń gbé jẹjẹrẹ wọlé lójúmọ́, tí òun bá yọ ti àárọ̀, ti ìrọ̀lẹ́ yóò mójú tó ṣúgà, jẹjẹrẹ yóò sì dín kù sí ìdajì. Dókítà ti fún òun náà ní oògùn egungun nítorí orúnkún rẹ̀, hóró funfun tó tóbi tó ti ọkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ Sátidé, òun ló ń bẹ nínú àwo àárọ̀. Àwọn ti gidi, ó ń dà wọ́n sínú ìgò bọ́tìnnì. Kò dà wọ́n nù, nítorí ìfiṣòfò kò dára.

Alábẹ̀wò ro irú èrò kan náà, nítorí ọgbọ́n kì í tán nílé àgbà. Ó rò ó pé ti àárọ̀ ti tó fún ṣúgà. Ó ní oògùn inú kíkún nínú àpò rẹ̀, èyí tó ń ta sánsán bí míńtì, funfun lòun náà. Ó di ti ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Aago kò lè dá oògùn dúró, dókítà ojú ṣì ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Kò sì lè gbé e mì lódindi, jẹjẹrẹ ń wò ó. Ó wá rí ọ̀nà tó yẹ oníṣẹ́ ọwọ́. Bí wọ́n bá ti gbé àwo dé, yóò kọ̀yìn sí wọn, yóò mú abẹ pẹlẹbẹ tó fi ń ṣí ẹ̀yìn aago, yóò la hóró náà sí méjì ọgbọọgba láìjẹ́ kí ẹyọ lẹ́búlẹ́bú kan ṣòfò. Yóò gbé ìdajì mì, yóò sì da ìdajì kejì sínú agolo ìdè aago. Lójú tirẹ̀, ìdajì oògùn lòun ń lò, ìdajì ewu ló sì kù. Ó ṣàkíyèsí pé ti ìrọ̀lẹ́ ti ń ta sánsán. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé àwọn tó ń ṣe oògùn yìí ń gbìyànjú, adùn ti ń wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ayé ń lọ síwájú.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ife omi kì í kúrò lórí tábìlì rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́nà ilé ìtọ̀. Alábẹ̀wò ní ooru ni. Ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Aránṣọ gbà á wọlé ní ínǹṣì méjì lọ́tùn-ún lósì, ó ní ó yẹ ọkọ òun, pé ìgbà ọ̀dọ́ ló ń padà bọ̀. Bàbá Aago fúnra rẹ̀ kò ṣàníyàn bí kò ṣe nípa gílóòbù iná tábìlì, tí kì í tàn dáadáa mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún pààrọ̀ awò ojú. Lẹ́yìn náà ló rí i pé àwọn tó ń ṣe aago lóde òní ni wọ́n jẹ̀bi, wọ́n ti ń ṣe ìdè tó kéré bí erùpẹ̀.

Ó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń fi wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Bátìrì róbótó ni, irú èyí tó ń fi sínú aago onílé àti àlejò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó kún dúrọ́ọ̀ rẹ̀ bámúbámú. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi ọ̀kan sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, agbẹ̀bí kan tó ń gbé òpópónà kejì mú aago àyà rẹ̀ wá, èyí tó máa ń fi píìnì so mọ́ aṣọ iṣẹ́. Bàbá Aago tú u, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, agbẹ̀bí padà wá, ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ bá mi wò ó. Bí aago yìí ṣe wí, ọmọ kan dé ilé ayé lánàá kí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí."

Bàbá Aago há awò sójú, ó wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é, kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún aago. Agbẹ̀bí kò bá a jiyàn. Ó kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó bi í léèrè pé nínú ọwọ́ aago méjèèjì, èwo ló gùn.

Ogójì ọdún ni Bàbá Aago ti fi jókòó sídìí tábìlì yìí. Ó gbé aago náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó tẹ ọrùn iná wá sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún dẹ́kun. Ó gbé aago náà kalẹ̀, ó bu omi mu, ó tún bu òmíràn, ó tún bu ẹ̀kẹta. Agbẹ̀bí ń kà á.

"Bàbá, ṣé ẹ ń lo oògùn ṣúgà yín?"

Aránṣọ ní kì í yẹ̀ ẹ́. Alábẹ̀wò, tó ti gbọ́ ohùn àlejò tó sì ti jáde wá ṣàbẹ̀wò, ní kì í yẹ̀ ẹ́. Bàbá Aago nìkan ló ń wo ilẹ̀.

Agbẹ̀bí ṣí àpò rẹ̀, ó mú ẹ̀rọ tirẹ̀ jáde, èyí tí bátìrì wà nínú rẹ̀, ó gún bàbá lọ́mọ ìka. Ẹ̀rọ náà kò kọ nọ́ńbà kankan. Ó kọ ọ́ pé ohun tí òun rí ti kọjá ohun tí òun lè kà. Agbẹ̀bí ní kí wọ́n gbé oògùn wá kí òun rí i. Kí àwọn obìnrin tó dìde, Bàbá Aago ti ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé agolo ìdè jáde. Ó ní òun kì í parọ́ fún oníṣẹ́. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe ń là á sí méjì, ó sì ní kó wo ojú ibi tí abẹ gbà, pé kò sí èyí tó fọ́.

Agbẹ̀bí da àwọn ìdajì náà sínú àwo. Ó fi ọmọ ìka tú wọn ká, ó pín wọn sọ́nà méjì, ó gbé ọ̀kan sí imú.

"Iṣẹ́ yín dára, bàbá. Èyí, oògùn egungun ni. Àwọn aboyún ni mò ń pín in fún, mo lè di ojú mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń rùn bí míńtì yìí, oògùn inú kíkún ni. Ti ṣúgà wá ńkọ́?"

Aránṣọ dìde, ó gbé ìgò bọ́tìnnì wá, ó dà á sórí tábìlì. Bọ́tìnnì àti oògùn jọ yí káàkiri.

"Mo rò pé ti ìrọ̀lẹ́ wà níbẹ̀," ló wí.

"Èmi náà rò pé ti àárọ̀ wà níbẹ̀," Alábẹ̀wò wí.

"Èmi sì rò pé ìdajì wà níbẹ̀," ọkọ wí.

Agbẹ̀bí kọjú sí Alábẹ̀wò. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ aráyé ní ìṣirò. Ẹni mẹ́ta dín oògùn kù sí ìdajì, oògùn wá tán pátá. Ẹ bá wa ṣe é sójú pátákó."

Aránṣọ ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ó sì fa ìdajì ìwé yọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Agbẹ̀bí kà á, ó fi ọmọ ìka tọ etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ gbọọrọ. Ó ní kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń gé bébà báyìí, sísọ́ọ̀sì aránṣọ ló ń gé e báyìí. Ó bèèrè ìyókù.

Aránṣọ rìn lọ sídìí ìṣó. Ọmọ ilé ìwé mọ́kànlá ló ti wọ kọ́là látara pátánì náà. Ó tú u sílẹ̀ láàárín apá àti àyà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, agbẹ̀bí sì ń kà á yí ihò ọrùn po. Ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kirikiri tẹ̀, ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀, kó má sì dín in kù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọ̀ràn náà kàn, àti nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n ní kí ènìyàn wá nísàlẹ̀ páálí. Ẹni tó bá rí ọ̀kan níbẹ̀, kó mú un wá gba òmíràn. Kọ́là ti jẹ ìdajì nọ́ńbà kẹrin lọ. Kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n gbé páálí Bàbá Aago wá: ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ìwé náà kò bá a wí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ bi agbẹ̀bí bóyá irọ́ wá ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ náà.

"Kì í ṣe irọ́. Ohun tí wọ́n rí kò dára, ìdí tí wọ́n fi ń kó àwọn páálí yẹn padà nìyẹn. Ẹ̀rù tó bà yín kò burú, ìyá. Ẹ̀ bá kàn jẹ́ kó bà yín dé ìsàlẹ̀ ìwé." Ó ń kó ẹ̀rọ rẹ̀ sápò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Jẹjẹrẹ tó ṣeé ṣe kó yọjú lọ́jọ́ kan lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́. Ìfọ́jú tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé àga fún un. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ wọ bàtà, bàbá, ọsibítù là ń lọ."

Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ṣúgà sọ̀ kalẹ̀, òùngbẹ kásẹ̀ nílẹ̀, ojú òsì sì mọ́ padà. Dókítà ojú tan iná sí ojú ọ̀tún pẹ́, ó bi í bóyá oògùn yẹ̀. Ó ní ó yẹ̀. Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti jò síbi àmì àtijọ́, ohun dúdú kan sì ti jókòó sáàárín gbogbo ohun tí bàbá bá fi ojú náà wò, ó tóbi tó bọ́tìnnì ẹ̀wù. Wọn yóò gbìyànjú kó má baà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ṣèlérí pé yóò kúrò.

Wọ́n yí tábìlì rẹ̀ sódì kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè máa bọ́ sójú òsì. Ó ń kọ́ ojú òsì níṣẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ tuntun. Níbi tó ti ń tún aago mẹ́wàá ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń ṣe mẹ́rin. Ìwé onílẹ́tà kéékèèké kọjá agbára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú oògùn látinú páálí, ó ń fi ọwọ́ pa lẹ́tà tó wà lára hóró náà kó tó gbé e mì lódindi. Bátìrì ti wọnú ẹ̀rọ ìwọnṣúgà. Aránṣọ tú ṣòkòtò padà sí bó ṣe wà. Alábẹ̀wò kọ àlàyé tó péye ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ orí fóònù, pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lùwé, pé kí wọ́n má gba ohùn ọkùnrin oníṣẹ́jú mọ́kànlá náà gbọ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìwé mìíràn dé láti ilé oògùn. Bébà rẹ̀ tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Aránṣọ kò fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Ó gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, Alábẹ̀wò sì dúró lẹ́yìn wọn. Aránṣọ kà á sókè láti orí àmì ilé oògùn títí dé ìbuwọ́lùwé, ó sì ka orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ohun tí ìwé náà wí ni pé wọn yóò máa ṣílẹ̀kùn ní agogo mẹ́jọ àbọ̀ dípò mẹ́jọ.

"Ó tán?" Bàbá Aago bi í.

"Ó tán."

"Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò."

Ó yí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá Aago na ọwọ́ gbà á, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí ibi tí sísọ́ọ̀sì dé. Ó dá a padà fún un, ó ní kó máa gé e.